Yóógà Lórí Dẹ́kì Láwàlì

Lótò, Mówè.
Ọjọ́ kẹfà, oṣù Kìn-ín-ní, 2025.

Jọmílójú, ọmọ mi,

Ẹ kú ọdún o, ìwọ, ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ. Ọdún á yabo. Ṣé òtútù Kánádà kò tíì gbé yín mì? Àbúrò rẹ, Olúṣẹ̀yẹ, wá kí mi láti Ìfọ̀ lọ́jọ́ ọdún. Ó ní ẹni tó bá tutọ́ ní Wínípẹ́ẹ̀gì yín, yìnyín ló ń jábọ́. Bí irọ́ ni o, bí òótọ́ ni o, ẹ máa wọ ìbọ̀sẹ̀.

Mo kọ eléyìí sínú ìwé, mo sì ya á ní fọ́tò bí mo ṣe máa ń ṣe. Kọ tìrẹ padà dáadáa. Má fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù, n kò lè fàlà sábẹ́ ohùn.

Ìròyìn tó wà nílẹ̀ ni pé ọyẹ́ ti dé, a sì ti kí i káàbọ̀. O rántí Láwàlì, tó ṣe kọ̀ńdọ́ lójú ọ̀nà Bẹ́gà sí Mówè fún ọgbọ̀n ọdún? Ó ti ń kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan láti ìgbà tí o wà ní girama. Nígbà tó kọ́ ọ dé dẹ́kì, ó sú u. Orí dẹ́kì yẹn ni àwa àgbàlagbà mọ́kànlá ti ń ṣe yóógà báyìí. Alàájà Ròkíátù, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, ni olùkọ́ wa. Inú fóònù ni òun náà ti kọ́ ọ. Ó ní bí ìgbà bá ti yí, ó yẹ kí èèyàn sọ fún ara rẹ̀, kí ara má baà máa bá ìgbà tó ti kọjá lọ. Nítorí náà, nígbà tí ọyẹ́ bá wọlé, nígbà tí òjò àkọ́kọ́ bá rọ̀, nígbà tí òjò bá sinmi lóṣù Kẹjọ, àti nígbà tó bá kó ẹrù rẹ̀ lọ pátápátá, a máa ń gòkè lọ láàárọ̀ láti kí ìgbà tuntun, yàtọ̀ sí ti gbogbo Ọjọ́bọ̀ àti Sátidé. A ó ká ẹsẹ̀, a ó gbé ọwọ́ sókè, a ó máa fi èémí kọrin. Ẹsẹ̀ mi òsì ti gòkè dé ibi tí kò dé mọ́ láti ìgbà ìjọba ológun.

Bí o bá rí ẹni tó ń bọ̀ nílé, fi ṣòkòtò tó ń fà rán an sí mi. Èyí tí mo ń wọ̀ ya nídìí lọ́jọ́ Sátidé, Láwàlì sì rí ohun tí kò kàn án.

Fídíò wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Wò ó kí o rí bàbá rẹ.

Èmi ni,
Bàbá rẹ, Adépọ̀jù.


Wínípẹ́ẹ̀gì, Kánádà.
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Kìn-ín-ní, 2025.

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn. Gbogbo wa wà ní àlàáfíà, àfi ọkàn mi nìkan.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wo fídíò yín. Ní àkọ́kọ́, mo rò pé ẹ ṣubú ni, tí àwọn èèyàn fẹ́ gbé yín dìde. Lẹ́ẹ̀kejì, mo gbọ́ tí ẹ̀yin mọ́kànlá ń dún bí ẹ̀rọ ìlọta tí iná rẹ̀ kò pé. Lẹ́ẹ̀kẹta, mo fẹ àwòrán náà tóbi láti wo ohun tí ẹ tẹ́ sílẹ̀. Bàbá, bánà ìsọjí ìjọ wa ni! Ojú Pásítọ̀ ni ẹ jókòó lé.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ kó wọ̀? Òrìṣà ilẹ̀ Íńdíà ni wọ́n ń fi yóógà kí. Ẹ̀mí tó bá gba abẹ́ ẹsẹ̀ kíká wọlé sára èèyàn, ààwẹ̀ ló ń lé e jáde, ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé ẹ kò lè gbààwẹ̀ mọ́. Díkónẹ́ẹ̀sì ni mí níbí o. Èmi ni mo ń darí àdúrà àwọn ìyá ní gbogbo ọjọ́rú. Tí fídíò yìí bá dé ọwọ́ wọn, kí ni mo fẹ́ wí?

Ta sì ni obìnrin tó wé ìbòrí aláwọ̀ ewé, tó di ìdí yín mú? Mo kà á. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rìndínlógún ni ọwọ́ rẹ̀ fi wà níbẹ̀. Màmá ò tíì lo ọdún kan nínú ilẹ̀.

Ẹ jáwọ́ níbẹ̀, Bàbá. Mo bẹ̀ yín.

Ọmọ yín,
Jọmílójú.


Lótò, Mówè.
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù Kìn-ín-ní, 2025.

Jọmílójú,

Mo rí lẹ́tà rẹ, mo sì dúpẹ́ pé o ṣì mọ bí wọ́n ṣe ń kúnlẹ̀.

Ká mú ọ̀rọ̀ náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. N kò jókòó lé ojú Pásítọ̀. Ibi tí wọ́n kọ "Ẹ Wá Gba Ìwòsàn" sí ni mo jókòó lé, torí ibẹ̀ ló ń dùn mí. Láwàlì ló gbé orí lé ojú Pásítọ̀. Mùsùlùmí ni, kò mọ ọkùnrin náà rí. Bánà yẹn sì lágbára ju ẹní lọ, kì í jẹ́ kí sìmẹ́ǹtì gún èèyàn.

Ní ti ìdí mi tí Alàájà dì mú, dẹ́kì náà kò ní ògiri létí. Mo fi ẹsẹ̀ kan dúró, mo sì ń fì lọ sí ìta. Ká ní kò dì mí mú ni, ìsìnkú kejì nìyẹn tí ò bá tún máa wò lórí fóònù.

Ó wá ku òrìṣà Íńdíà. Jókòó kí n sọ bó ṣe jẹ́ fún ọ. Fóònù Alàájà ní kí a máa sọ "Ọ́ọ̀mù." Ìyá Mọ́láyọ̀, tí a jọ ń lọ sí ìjọ, ní òun kò ní pe ohun tí òun kò mọ bàbá rẹ̀, kí a kúkú máa sọ "Halelúyà." Àwọn Mùsùlùmí ní tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, "Láà iláàha" ló yẹ kó ṣíwájú, torí orí ilé Mùsùlùmí la wà. Ọ̀rọ̀ di ariwo. Àwọn àgbà tó wá wá ìfọ̀kànbalẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í na ìka síra wọn lójú. Láwàlì ti dùbúlẹ̀ ní tirẹ̀. Kò la ojú, ó kàn la ẹnu: "Bẹ́gà! Kára! Arépo! Mágbọ̀rọ̀! Ìbafò! Àṣẹ̀ṣẹ̀! Mówè, wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o!"

Ìjà parí síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a bẹ̀rẹ̀ sí í gbè é. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tí ọ̀nà yẹn kò jẹ ìgbà èwe rẹ̀. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni mo fi ń ti ibí lọ sí ilé ìtẹ̀wé ní Ṣómólú, tí mo sì ń padà. Láti ọjọ́ náà, òun la ń kọ. Èémí kan fún Mágbọ̀rọ̀, èémí kan fún Ìbafò, a ó máa fà á títí èémí á fi tán. Tó bá jẹ́ ìgbà ọyẹ́, láti Bẹ́gà la ti ń bọ̀ wálé. Tí òjò àkọ́kọ́ bá rọ̀, a ó yí i padà, a ó bẹ̀rẹ̀ láti Mówè. Bí Alàájà ṣe tò ó nìyẹn, a kò bi í léèrè.

Ó dára, Díkónẹ́ẹ̀sì, sọ fún mi: òrìṣà wo ló ń jẹ́ Mágbọ̀rọ̀?

Bàbá rẹ,
Adépọ̀jù.

Má gbàgbé ṣòkòtò.


Wínípẹ́ẹ̀gì.
Ọjọ́ kejì, oṣù Kejì, 2025.

Bàbá mi,

Mo kí yín. Mo mọ̀ọ́mọ̀ pẹ́ kí n tó dáhùn ni, torí n kò fẹ́ kọ ohun tí ọmọ kì í kọ sí bàbá.

Mo ní kí Olúṣẹ̀yẹ lọ wo ohun tí ẹ ń ṣe. Ó gun orí dẹ́kì yẹn láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó sì bá àgbàlagbà mọ́kànlá nílẹ̀ gbalaja, wọ́n dijú, ẹnikẹ́ni kò mira. Ó rò pé ẹ ti jẹ májèlé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo "Jésù! Jésù!", ó sì ń mì yín jìgìjìgì. Ó ní ẹ la ojú kan ṣoṣo, ẹ sọ fún òun pé, "Òkú là ń ṣe. Dúró ká parí." Bàbá! Ọmọ yẹn kò lè jẹun fún ọjọ́ méjì.

Àwa méjèèjì ti sọ̀rọ̀, a ti fẹnu kò. Ní Sátidé tó kẹ́yìn oṣù yìí, Olúṣẹ̀yẹ á wá mú yín lọ sí Ìfọ̀. Yàrá wà fún yín níbẹ̀, ìyàwó rẹ̀ á sì máa tọ́jú yín. A ó wá ayálégbé sí ilé Mówè. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin kò gbọ́dọ̀ máa dá gbé, kó tún wá máa fi ẹsẹ̀ kan dúró létí dẹ́kì tí kò ní ògiri.

Ẹ̀rù ń bà mí, Bàbá. Bí nọ́ńbà Nàìjíríà bá ti yọ lórí fóònù mi, màá kọ́kọ́ gbàdúrà kí n tó gbé e. N kò fẹ́ ìsìnkú míì tí n kò ní lè wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ẹ̀fẹ̀ dá mi lóhùn.

Ọmọ yín,
Jọmílójú.


Lótò, Mówè.
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù Kejì, 2025.

Jọmílójú, ọmọ mi,

Kò sí ẹ̀fẹ̀ nínú eléyìí.

Nígbà tí a sin ìyá rẹ tán lóṣù Kẹta ọdún tó kọjá, tí àwọn èèyàn sì lọ, mo wọ yàrá, mo dùbúlẹ̀. N kò jẹ́ kí o mọ̀. Bí o bá béèrè àlàáfíà mi, "Dáadáa ni" ni mo máa ń wí. Ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì ni mo ń sùn sí, kí n má baà máa wo ibẹ̀ pé ó ṣófo. Gààrí gbígbẹ ni mo ń jẹ, torí n kò fẹ́ dé ilé ìdáná kí n rí ìkòkò rẹ̀. Oṣù márùn-ún ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Lóṣù Kẹjọ, òjò sinmi. Alàájà Ròkíátù, tó máa ń wá yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá rẹ wò, kan ilẹ̀kùn mi láago méje àárọ̀. Ó ní, "Bàbá Jọmílójú, ẹ jáde. Òjò ti sinmi, ẹ̀yin náà ẹ wá mí." Mo ní kó máa lọ. Ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà, kò lọ. Mo jáde láti lé e, ibi tó ti mú mi nìyẹn. Mo jókòó láàárín wọn lórí dẹ́kì, ọjọ́ ìjà Ọ́ọ̀mù yẹn gan-an ni. Nígbà tí ìjà parí, wọ́n ní kí n gbé ọwọ́ sókè. Mo gbé e, ni ẹkún bá gbọ̀n mí. Èmi àgbà, lójú èèyàn mẹ́wàá! Ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi pé kí n dákẹ́. Láwàlì kàn ń pe Kára, ó ń pe Arépo. Nígbà tí a fi máa dé Ìbafò, mo rí i pé ebi ń pa mí. Ó ti pẹ́ tí ebi ti pa mí kẹ́yìn.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń lọ. Kì í ṣe tìtorí obìnrin. Alàájà kò tilẹ̀ fẹ́ mi. Mo ti wò ó dáadáa, kò fẹ́ mi rárá, ó ní mo máa ń ráhùn jù. Má bínú, ẹ̀fẹ̀ nìyẹn, ó bọ́ lọ́wọ́ mi.

Mo mọ̀ pé ẹ̀yin méjèèjì fẹ́ràn mi, yàrá Olúṣẹ̀yẹ sì dára. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá mú mi kúrò níbí, mo tún máa dùbúlẹ̀, n kò sì rò pé màá dìde mọ́. Èmi bàbá rẹ ni mo ń bẹ̀ ọ́ yìí. Ẹ fi mí sílẹ̀ nílé mi.

Adépọ̀jù.


Wínípẹ́ẹ̀gì.
Ọjọ́ kẹta, oṣù Kẹta, 2025.

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀. Olúṣẹ̀yẹ ní ẹ bá òun lọ sí Ìfọ̀ lọ́jọ́ Sátidé tí a dá yẹn láìsí wàhálà, pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ di báàgì yín. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ yín.

Mo ka lẹ́tà yín, mo sunkún. Ṣùgbọ́n èèyàn lè mí ní Ìfọ̀ náà. Ìjọ wa ní ẹ̀ka kan tí kò jìnnà sílé Olúṣẹ̀yẹ, wọ́n ní ẹgbẹ́ àwọn àgbà tó ń pàdé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹni tó fẹ́ gba ilé Mówè ti wá wò ó, ó sì fẹ́ràn rẹ̀.

Ẹ ò tíì kọ̀wé. Ẹ̀yin tí kì í jẹ́ kó pé ọ̀sẹ̀ méjì! Ṣé inú ń bí yín ni? Ẹ kọ ọ́ wá bẹ́ẹ̀, ẹ bú mi, ara mi á balẹ̀.

Mo ti fi ṣòkòtò tó ń fà mẹ́ta rán ẹnì kan tó ń bọ̀.

Ọmọ yín,
Jọmílójú.


Ìfọ̀.
Ogúnjọ́, oṣù Kẹta, 2025.

Jọmílójú,

Mo dé Ìfọ̀. Yàrá náà mọ́. Ìyàwó Olúṣẹ̀yẹ ń ṣe dáadáa sí mi, oúnjẹ rẹ̀ sì dùn. Mo ń sùn dáadáa. A dúpẹ́.

Òjò àkọ́kọ́ rọ̀ lánàá. Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo ti gbọ́ ọ.

Bàbá rẹ.


Wínípẹ́ẹ̀gì.
Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹta, 2025.

Bàbá mi,

Mo ka lẹ́tà yín títí, mo ń wá ibi tí ẹ ti bú mi. N kò rí i. Ẹ kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ kò béèrè ṣòkòtò. Ẹ̀rù bà mí ju ìgbà tí mo rí yín létí dẹ́kì lọ.

Ohun kan wà tí n kò sọ fún yín. Ẹ mọ̀ pé ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ní ogúnjọ́ oṣù yìí, ọjọ́ tí ẹ kọ lẹ́tà yín gan-an, àwọn èèyàn ibí ní ìgbà òtútù ti parí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé yìnyín ṣì wà nílẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, a máa ń kó àwọn arúgbó jọ sí pálọ̀. Wọ́n á jókòó lórí àga, wọ́n á gbé apá sókè, wọ́n á máa mí, wọ́n á sì máa kùn pọ̀. Yóógà ni, Bàbá. Kò ní orúkọ méjì. Èmi ni mo sì ń darí wọn. Ọdún kẹta tí mo ti ń ṣe é nìyí. N kò sọ fún ìjọ mi, n kò sọ fún ọkọ mi pàápàá. "Eré ìdárayá" ni mo ń pè é.

Bàbá arúgbó kan wà níbẹ̀ tí kì í sọ̀rọ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ń gbé ní ìlú tó jìn, kì í wá. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀, mo di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, mo fẹ́ ní kó mí, Yorùbá ló jáde lẹ́nu mi: "Bàbá, ẹ mí sínú." Ó mí. Ó wò mí, ó sì rẹ́rìn-ín. Mo sáré wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn, mo sunkún títí ọ̀gá mi fi wá kànkùn. Ọwọ́ bàbá olóbàbá ni mo ń gbé sókè fún owó oṣù, mo wá ní kí ti bàbá mi wà nílẹ̀.

Kì í ṣe ojú Pásítọ̀ ló dùn mí, Bàbá. Kì í ṣe òrìṣà Íńdíà. Nínú fídíò yẹn, ẹ ń rẹ́rìn-ín, inú sì bí mi. Orí fóònù ni mo ti wo bí wọ́n ṣe ń gbé Màmá sọ̀ kalẹ̀, nẹ́tíwọ̀kì sì já kí wọ́n tó da iyẹ̀pẹ̀. Bí ẹ̀yin bá ti wá ń rẹ́rìn-ín, ta ló kù tí yóò bá mi sunkún? Ká ní ìwé ìrìnnà mi tètè jáde ni, ǹ bá bá a láyé. Mo pẹ́ jù.

Ẹ padà sílé. Mo ti bá Olúṣẹ̀yẹ sọ̀rọ̀, a sì ti ní kí ayálégbé náà wá ibòmíì. Ẹ dárí jì mí.

Ọmọ yín,
Jọmílójú.


Lótò, Mówè.
Ọjọ́ karùn-ún, oṣù Kẹrin, 2025.

Jọmílójú, ọmọ mi àtàtà,

O kú àárò mi. Lẹ́tà rẹ bá mi nílé. Mówè ni mò ń pè nílé o. Àárọ̀ ọjọ́ tó dé gan-an ni mo ti padà, n kò sì gba àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo sọ fún ìyàwó Olúṣẹ̀yẹ pé mo fẹ́ ra obì níta. Mo wọ bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Sáńgò, mo wọ òmíràn dé Bẹ́gà, mo sì wọ ti Mówè pẹ̀lú sálúbàtà ilé ìwẹ̀ lẹ́sẹ̀. Olúṣẹ̀yẹ wá mi títí dé àgọ́ ọlọ́pàá. Mo ti bẹ̀ ẹ́. Àmọ́ kí ẹ̀yin méjèèjì má tún kó mi bí ẹrù mọ́ láéláé. Èmi ni mo bí yín, mo sì rántí gbogbo ibi tí ẹ yàgbẹ́ sí mi lára.

Ìyá Mọ́láyọ̀ ní òjò àkọ́kọ́ ti kọjá, pé a kò lè kí i lẹ́ẹ̀mejì. Láwàlì ní òjò tí Adépọ̀jù kò bá wọn kí, kò tíì rọ̀. Wọ́n jà sí i fún odidi wákàtí kan. A gòkè lọ láàárọ̀ àná, òjò gidi sì bá wa níbẹ̀. Alàájà kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀ kalẹ̀. Gbogbo wa ló rẹ bí aṣọ tí wọ́n gbàgbé síta. Ikọ́ ń ṣe mí bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, inú mi sì dùn.

O bi mí pé ta ló kù tí yóò bá ọ sunkún. Èmi ni. Èèyàn lè rẹ́rìn-ín láàárọ̀ kó sunkún lọ́sàn-án. Mo ń ṣe é, kò sì pa mí lára.

O tún ní o pẹ́ jù. Ohun tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí ni mo fẹ́ sọ fún ọ báyìí. Láàárọ̀ ọjọ́ tí ìyá rẹ lọ, ó bi mí pé, "Jọmílójú ńkọ́?" Mo mọ̀ pé ìwé rẹ kò tíì jáde. Mo ní, "Ọkọ̀ òfuurufú rẹ̀ ti balẹ̀ ní Ìkẹjà. Mọ́tò ti ń gbé e bọ̀." Inú rẹ̀ dùn débi pé ó bú mi. Ó ní, "Kí lẹ wá jókòó ń wò mí fún? Ẹ lọ wẹ̀, ẹ ń rùn. Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ fẹ́ kí ọmọ wá bá yín?"

Mo lọ wẹ̀. Nígbà tí mo fi máa padà dé, ó ti lọ. Ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà.

Irọ́ ni mo pa fún un, n kò sì tíì tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. O kò pẹ́ jù, Jọmílójú. Ní ti ìyá rẹ, o ti ń bọ̀ lọ́nà.

Bàbá rẹ,
Adépọ̀jù.